Awọ Fẹ́lẹ́ tí Ń Sọ Oòrùn di Iná: Ìtàn Gbígbẹ Rẹ̀

Ẹni tó bá rìn ní Magodo nígbà tí iná bá lọ yóò gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀. Bó bá gbójú sókè, yóò rí pánẹ́ẹ̀lì oòrùn lórí òrùlé mélòó kan. Sílíkónì ni a fi ń ṣe irú pánẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ jù, ooru tó ju 1,400 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius ni a sì fi ń yọ́ ọ. Ohun tí à ń pè ní perovskite kò béèrè tó bẹ́ẹ̀. A lè pò ó bí aró sínú kẹ́míkà olómi, kí a tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì, kí ó gbẹ. Ìtàn gbígbẹ yìí ni mo fẹ́ sọ. Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi, kì í ṣe físíìsì, ṣùgbọ́n ìtàn ni ìtàn ń jẹ́.

Ní 1839 ni Gustav Rose, ará Jámánì, ṣàpèjúwe òkúta kan láti òkè Ural, tó sì sọ ọ́ ní orúkọ Lev Perovski, ìjòyè Rọ́ṣíà. Ní 2009, ní Japan, Tsutomu Miyasaka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ohun tí ìtò inú rẹ̀ jọ ti òkúta náà, àmọ́ tí òjé wà nínú rẹ̀. Ìdá 3.8 péré nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ló di iná.

Ibi tí ìṣòro wà nìyí. Bí a bá fi awọ náà sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀, kírísítálì rẹ̀ a hù kátikàti, bí iyọ̀ ṣe ń gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò: ihò á wà láàárín wọn, iná á sì máa jò níbẹ̀. Ní 2014, àwọn ẹgbẹ́ Sang Il Seok ní Korea Gúúsù kan toluene sí awọ náà bó ti ń yí bírí lórí ẹ̀rọ. Toluene kì í yọ́ perovskite; ó fa kẹ́míkà olómi náà kúrò lójijì, awọ náà sì jọ̀lọ̀ láìní ihò. Agbára rẹ̀ kọjá ìdá 16.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilé wa. Ní 2020, Winston Soboyejo, tó ti ṣe ààrẹ yunifásítì sáyẹ́ǹsì kan ní Abuja rí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí orúkọ Yorùbá pọ̀ láàárín wọn, fi hàn pé bí a bá tẹ awọ náà mọ́lẹ̀, àlàfo inú rẹ̀ á pa dé. Agbára rẹ̀ gòkè láti ìdá 9.84 dé 13.67. Ìtẹ̀ náà tó ìlọ́po 70 ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, agbára á tún já wálẹ̀.

N kò fara mọ́ àwọn tí ń wí pé oòrùn tí a ní ti tó wa. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá awọ yìí, afẹ́fẹ́ Èkó sì kún fún un. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é níhìn-ín yóò wá àpótí tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, náítírójìn tí a ó fi kún un, àti ẹ̀rọ tí ń fa ọ̀rinrin tọ̀sán-tòru, láìjẹ́ kí iná lọ.