Ìpẹja fún Ìgbádùn ní Àwọn Odò Ìpínlẹ̀ Kwara, àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ìwé Àkọsílẹ̀ Apẹja

Ìpẹja fún ìgbádùn ni kí ènìyàn mú ìwọ̀ lọ sí etí odò ní ọjọ́ ìsinmi, kì í ṣe nítorí àtijẹ ilé rẹ̀, bí kò ṣe nítorí ìtura ara àti ẹja díẹ̀ tí yóò wọ inú ìṣasùn ní alẹ́. Kì í ṣe ohun àjèjì fún àwọn ará Ìlọrin. Òṣìṣẹ́ ìjọba wà nínú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú rẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ tó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọ̀sán Àbámẹ́ta náà kò gbẹ́yìn. Ohun tó ṣọ̀wọ́n láàrin wọn ni ẹni tó mú ìwé àti bírò dání pẹ̀lú ìwọ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn odò wa, ẹja inú wọn, àti ìwé kékeré yẹn, nítorí ó dá wa lójú pé òun ni irinṣẹ́ tó wúlò jù lọ nínú àpò apẹja lẹ́yìn ìwọ̀ fúnra rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ wa kò ní etí òkun. Ẹni tó bá ń pẹja ní ọ̀sà Èkó, níbi tí omi odò àti omi iyọ̀ ti ń pàdé, ìgbà tí òkun ń kún àti ìgbà tí ó ń fà ni yóò máa ṣọ́. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi ń wọlé tí ó sì ń jáde, ẹja a sì máa tẹ̀ lé e. Àwa ní Kwara, òjò àti dáàmù ni aago wa.

Odò Àsà ló la ìlú Ìlọrin já. Ìhà gúúsù ló ti ń bọ̀. Ó ń wọ inú dáàmù Àsà tí ìlú ti ń rí omi mu, lẹ́yìn náà ó ń gba àárín ìlú kọjá, lábẹ́ afárá Amílégbe àti àwọn afárá mìíràn, kí ó tó forí lé àríwá. Odò Ọyún ní tirẹ̀, wọ́n dí i ní Ọ̀ffà, wọ́n sì tún dí i lórí ilẹ̀ Yunifásítì Ìlọrin. Odò Ọya, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Niger, ni àgbà gbogbo wọn. Òun ni ààlà ìpínlẹ̀ wa ní ìhà àríwá, láti Jẹ́bà títí dé ọ̀nà Láfíàgì àti Pátígì, níbi tí àwọn ará wa tí í ṣe Tápà ti ń fi omi ṣe ilé láti ayébáyé. Láti Ìlọrin dé Jẹ́bà jẹ́ nǹkan bí 100 kìlómítà, nítorí náà ẹni tó bá jí ní kùtùkùtù lè lọ kí ó sì padà ní ọjọ́ kan náà.

Ẹpìyà ni ẹja tí olùbẹ̀rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ rí. Ojú ọ̀sán ló ń jẹun, ní ibi tí omi kò jìn tí koríko sì wà. Ekòló, búrẹ́dì tàbí ìyẹ̀fun tí a pò kí ó le díẹ̀ ni ìjẹ rẹ̀, ìwọ̀ kékeré ló sì yẹ ẹnu rẹ̀. Nínú irú ẹpìyà tó wọ́pọ̀ ní omi wa, abo a máa kó ẹyin sí ẹnu títí àwọn ọmọ yóò fi lè dá wẹ̀. Bí ẹ bá fa ẹpìyà jáde tí ọmọ wẹ́wẹ́ ń tú jáde ní ẹnu rẹ̀, ẹ fi omi tutù ọwọ́ yín, kí ẹ tètè dá a padà. Àrọ̀ yàtọ̀ sí i. Òru àti omi tó dàrú ni tirẹ̀. Ó lè mí afẹ́fẹ́ tó wà lókè omi, ìdí nìyẹn tí kò fi tètè kú nínú ẹrẹ̀. Nígbà tí odò bá kún, àrọ̀ a máa jáde sí orí koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò láti lọ yé ẹyin, ẹnikẹ́ni a sì lè rí i mú ní etí omi tí kò tó orúnkún. Òjìjí ni ẹja tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Iná ara rẹ̀ lè tó fólítì 350, ó sì lè gbé ènìyàn ṣubú sínú omi. Bí ó bá gbé ìwọ̀ yín mì, ẹ fi ọ̀bẹ tó ní èèkù igi gé okùn náà, kí ẹ jẹ́ kí ó máa lọ. Ìwọ̀ kan kò tó ohun tí à ń bá òjìjí jìjàdù sí.

Ní Ìlọrin, òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, ó sì ń dá ní oṣù Kẹwàá. Ẹni tó bá ń pẹja ní Àsà tàbí Ọyún lè fi ìyẹn ṣírò. Ṣùgbọ́n Odò Ọya ní ìkún omi méjì lọ́dún, èyí sì máa ń ya ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Omi funfun ló ń kọ́kọ́ dé, ní nǹkan bí oṣù Kẹjọ: òjò ilẹ̀ wa níhìn-ín ló fà á, ó sì pọ̀n fún ẹrẹ̀ tó gbá bọ̀. Omi dúdú ń tẹ̀ lé e láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú gbogbo ilẹ̀. Orí òkè ilẹ̀ Guinea ni òjò tirẹ̀ ti rọ̀ ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn; ó ti rìn gba irà ńlá ilẹ̀ Mali kọjá, ó ti fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi mọ́ tó sì dúdú lójú. Láti ìgbà tí a ti kọ́ dáàmù Kàínjì, tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní 1968, àti ti Jẹ́bà tó tẹ̀ lé e ní àwọn ọdún 1980, ìkún méjèèjì kò tún dé ìsàlẹ̀ odò bí ti àtijọ́. Ẹni tó ń dá omi dúró lè tú u sílẹ̀ nígbàkigbà. Apẹja tó wà ní ìsàlẹ̀ dáàmù lè rí omi tó ga sókè láìsí òjò kankan lójú ọ̀run.

Gbogbo èyí ni ó mú kí ìwé àkọsílẹ̀ ṣe pàtàkì. Ènìyàn kò lè fi orí lásán rántí àwọ̀ omi ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, gbogbo wa la sì mọ̀ pé ẹja tó bọ́ lọ́wọ́ apẹja kì í kéré lẹ́nu rẹ̀.

Kíkọ àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ létí Odò Ọya kì í ṣe àṣà tuntun, ọmọ Yorùbá sì wà lára àwọn tó ti ṣe é tipẹ́. Ní 1857, Àjàyí Crowther wà nínú ọkọ̀ Dayspring tí Baikie jẹ́ olórí ìrìn àjò rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ọkọ̀ ọ̀hún forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà, ó sì fọ́. Crowther ń kọ ohun tó ń rí sílẹ̀, a sì tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní 1859 pa pọ̀ mọ́ ti J. C. Taylor. Ohun tó mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wúlò títí di òní kò ju pé ó ní ọjọ́, ó sì ní orúkọ ibi.

Kí ni ó yẹ kí apẹja kọ? Ọjọ́ àti ibi ni ìpìlẹ̀. Ẹ má kọ “Odò Àsà” nìkan, nítorí òkè dáàmù kì í ṣe ìsàlẹ̀ ìlú. Ẹ dárúkọ afárá, igi tàbí àpáta tó wà nítòsí. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ àwọ̀ omi, bóyá ó ń kún tàbí ó ń fà, òjò tó rọ̀ ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn, irú ìjẹ, irú ẹja, àti gígùn rẹ̀ láti ẹnu dé ìrù. Ẹni tí kò ní rúlà lè fi ọ̀bẹ kọ àmì sẹ̀ǹtímítà sí ara ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ oṣù ojú ọ̀run pẹ̀lú. Ní Ìlọrin, níbi tí ọmọdé pàápàá ti mọ bí a ṣe ń ṣọ́ oṣù ààwẹ̀, èyí kò lè ṣòro. Ọ̀pọ̀ apẹja gbà pé ẹja kì í fẹ́ jáde nígbà tí òṣùpá bá kún; ìwé yín ni yóò sọ fún yín bóyá bẹ́ẹ̀ ni ní ibi tí ẹ̀yin ti ń pẹja.

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń fojú fò nínú gbogbo rẹ̀ ni wákàtí. Ẹni tó mú ẹpìyà mẹ́fà ní wákàtí mẹ́ta rí méjì ní wákàtí kan. Ẹni tó mú mẹ́fà ní wákàtí mẹ́fà rí ẹyọ kan. Lójú ìyàwó tó ń dúró nílé, ẹja mẹ́fà ni ẹja mẹ́fà. Ṣùgbọ́n nínú ìròyìn odò, ìdajì ni ti ẹnì kejì. Nítorí náà, ẹ kọ ìgbà tí ẹ ju ìwọ̀ sómi àti ìgbà tí ẹ ká a. Fún ìdí kan náà, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kò rí ẹja kankan. Èyí ló máa ń ṣòro fún ènìyàn jù, nítorí ojú ń tini. Síbẹ̀, ìwé tí ó ní kìkì ọjọ́ ayọ̀ kò lè sọ bóyá ẹja ń dínkù. Nígbà tí Nàìjíríà àti Jámánì jọ ṣiṣẹ́ lórí adágún Kàínjì ní àwọn ọdún 1990, ohun tí wọ́n ń kà kì í ṣe ẹja nìkan. Wọ́n ń ka ọkọ̀ àti àwọ̀n tí a fi pa á pẹ̀lú, kí wọ́n lè mọ ohun tí iṣẹ́ kan ń mú wá.

Àpẹẹrẹ kan tí a gbé kalẹ̀ fún àlàyé nìyí:

“Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà. Odò Ọyún, ìsàlẹ̀ àpáta méjì, ọwọ́ ọ̀tún. Aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀. Òjò rọ̀ ní òru àná. Omi pọ́n, ó ń kún. Ekòló. Ẹpìyà méjì, sẹ̀ǹtímítà 17 àti 12; mo dá kékeré padà. Àrọ̀ kan, sẹ̀ǹtímítà 31. Láti aago mẹ́sàn-án, kò sí nǹkan. Òórùn omi kò yí padà.”

Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Èdè tó bá rọ ẹni lọ́rùn ni kí a fi kọ ọ́, ì báà ṣe Yorùbá, Tápà, Gẹ̀ẹ́sì tàbí Yorùbá tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, bí àwọn àgbà kan ní Ìlọrin ti ń ṣe.

A fi òórùn omi sínú àpẹẹrẹ yẹn nítorí ó ní ìdí. Àwọn onímọ̀ ti kọ̀wé lọ́pọ̀ ìgbà lórí omi ìdọ̀tí tó ń wọ Odò Àsà láti ilé-iṣẹ́ àti gọ́tà ìlú. A kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti jẹ ẹja tí a mú ní ibi tí irú omi bẹ́ẹ̀ ń ṣàn wọ odò. Bí ẹ bá rí ẹja púpọ̀ tó kú tó sì léfòó, ẹ má kó wọn lọ sí ọjà tàbí ilé. Ẹ kọ aago, ibi, àwọ̀ àti òórùn omi, kí ẹ fi fóònù ya àwòrán, kí ẹ sì fi tó ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká létí ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹni tó bá ti ní àkọsílẹ̀ ọdún méjì nípa ibi kan náà lè sọ bí omi náà ti rí tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a sì wúwo ju ti ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Ó lè jẹ́ pé olóró ènìyàn ló da májèlé tàbí oògùn kòkòrò sínú omi láti fi kó ẹja. Òfin lòdì sí fífi májèlé tàbí ohun abúgbàù pẹja. Nínú dáàmù tí ìlú ti ń mu omi, ọ̀ràn náà kọjá ti ẹja. Kí ẹ tó ju ìwọ̀ sí dáàmù èyíkéyìí, ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ọ.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń kó àwọn ènìyàn bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó dànù sínú Odò Ọya ní àgbègbè Pátígì, ní òru. Àwọn tó kú lé ní 100. Wọn kì í ṣe apẹja, ṣùgbọ́n omi kan náà ni, kùkùté abẹ́ omi tí ojú kò rí ní òru kò sì mọ ẹni tó ń bọ̀ láti ibi ayẹyẹ yàtọ̀ sí ẹni tó ń lọ dẹ àrọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá máa wọ ọkọ̀ ojú omi láti pẹja, kí ó wọ ẹ̀wù tó ń múni léfòó, kí ó wọ̀ ọ́ sára ni o, kì í ṣe kí ó fi ṣe ìjókòó. Kí ó má wọ ọkọ̀ tó kún àkúnjù, kí ó má sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun ní àárín odò. Kí ó sọ ibi tó ń lọ àti aago tí yóò dé fún ará ilé. Ojú ewé kan láti inú ìwé àkọsílẹ̀, tí a ya sílẹ̀ lórí tábìlì, ti tó.

Ẹ má sì fi ẹsẹ̀ lásán dúró pẹ́ nínú omi tó dákẹ́. Ìgbín kéékèèké inú irú omi bẹ́ẹ̀ ló ń gbé kòkòrò ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, èyí tó ń gba ara wọlé láìsí ọgbẹ́. Bàtà rọ́bà gíga dára. Bí ẹ tàbí ọmọ yín bá ń tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìpẹja, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Oògùn rẹ̀ wà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ mú ìwé náà dání, kí dókítà lè mọ odò tí ẹ wọ̀ àti ọjọ́ tí ẹ wọ̀ ọ́.

Ìwé onípákó lílé tí a fi ọ̀rá wé ló dára jù, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, nítorí pé omi kì í tú ohun tí a fi pẹ́ńsùlù kọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí àkọsílẹ̀ òun wúlò fún ẹlòmíràn lè mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka ìpẹja ní ilé-iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìpínlẹ̀ ní Ìlọrin, tàbí kí ó kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí ẹja omi odò ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní New Bussa.