Jíìpù Ńlá Tí Ń Lo Iná Mànàmáná: Ohun Tí Ìdílé àti Ìjọ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ Ní Láti Mọ̀

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, ni iye owó epo pẹtiróòlù ti ń gòkè. Lítà kan tí kò tó 200 náírà ti lé ní 600 náírà kí oṣù Keje ọdún náà tó parí, ó sì kọjá 1,000 náírà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fi jíìpù ńlá gbé ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn àgbà lọ sí ilé ìsìn mọ ohun tí èyí ti sọ àpò rẹ̀ dà. Ìdí nìyí tí ìbéèrè fi ń jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn wa pé, ǹjẹ́ jíìpù alájòókòó méje tí ń lo iná mànàmáná nìkan lè bá wa gbé ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́? Bí ìjọ kan bá sì ń gbèrò láti fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ta òjíṣẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ, ọ̀rọ̀ náà kàn án ju ẹlòmíràn lọ.

Irú ọkọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì pátápátá ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 2020 ni a ṣí aṣọ lójú Hyundai Kona, jíìpù kékeré alájòókòó márùn-ún tí ń lo iná, ní ìlú Èkó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021 ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ìdàgbàsókè iṣẹ́ ọkọ̀ ṣí ibùdó tí a ti ń fi agbára oòrùn kún bátìrì ọkọ̀ ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo, Ṣókótó. Olùdarí àjọ náà nígbà náà, Jelani Aliyu, ọmọ Ṣókótó fúnra rẹ̀, wà lára àwọn tí wọ́n ya ìrísí ọkọ̀ Chevrolet Volt nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà; ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n fẹ́ràn àwòrán yíyà gbọ́ ìyẹn. Orílẹ̀-èdè Ethiopia tilẹ̀ ti lọ jìnnà jù wá lọ, nítorí ní ọdún 2024 ni ìjọba ibẹ̀ dá kíkó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ elépo wọlé dúró. Ṣùgbọ́n ìdídò omi odò ńláńlá ni wọ́n fi ń rí èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú iná wọn.

Lójú tiwa, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe nípa ọkọ̀ rárá. Iná inú ọgbà ilé ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi Kia EV9 ṣe àpẹẹrẹ, ọkọ̀ ará Kòríà tí ó gba oyè ọkọ̀ tí ó tayọ jù lọ lágbàáyé ní ọdún 2024. Ìlà àga mẹ́ta ni ó ní, bátìrì rẹ̀ tí ó tẹ́ sí abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ sì ń gba nǹkan bí 100 yúníìtì nínú èyí tí ó tóbi jù. Yúníìtì tí a wí yìí náà ni èyí tí a ń rà sórí mítà nílé. Àwọn tí wọ́n ṣe é sọ pé ó lè rìn ju 500 kìlómítà lọ lórí bátìrì kíkún. Àwa yóò ka 400 sí i fún ilẹ̀ wa, nítorí ẹ̀rọ amúlétutù kì í sinmi, ẹrù a máa pọ̀, ọ̀nà kò sì tẹ́jú.

Ilé-iṣẹ́ IBEDC ni ó ń pín iná fún Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìsọ̀rí márùn-ún ni a pín àwọn oníbàárà sí. Ìsọ̀rí A ní ẹ̀tọ́ sí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lóòjọ́, B fún 16, C fún 12, D fún 8, E fún 4. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni yúníìtì kan fún ìsọ̀rí A fò láti nǹkan bí 68 náírà sí 225 náírà. Ó sì rọ̀ sí nǹkan bí 209 náírà láàárín ọdún náà. Owó tí àwọn ìsọ̀rí yòókù ń san kéré sí èyí púpọ̀, ṣùgbọ́n òkùnkùn ni wọ́n fi ń san ìyókù.

Bí a bá ki okùn ọkọ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán lára ògiri, nǹkan bí yúníìtì 2 ni yóò máa wọ inú rẹ̀ ní wákàtí kan. Èyí já sí pé bátìrì tí ó gbẹ tán yóò gba ọjọ́ méjì gbáko kí ó tó kún, bí iná kò bá lọ rárá. Bí a bá sì gbé àpótí ìgbaná tí a ṣe fún ọkọ̀ kọ́ ara ògiri, yúníìtì 7 ni yóò máa wọlé, bátìrì náà yóò sì kún ní wákàtí 15. Ilé tí ó wà ní ìsọ̀rí A kò ní ìṣòro púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ó wà ní ìsọ̀rí D, tí ó ń lo sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán. Wákàtí 8 yóò fún un ní yúníìtì 16, èyí tí yóò gbé e rìn nǹkan bí 60 kìlómítà. Ó tó láti ti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, kò tó láti padà. Bí ó bá ń rin ìrìn àlọ àti àbọ̀ yìí lójoojúmọ́, bátìrì kíkún tí ó fi bẹ̀rẹ̀ yóò máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ kejì yóò fi bá a lójú ọ̀nà. A kò tíì mẹ́nu kan ọjọ́ tí iná gbogbo orílẹ̀-èdè wó lulẹ̀, èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ní ọdún 2024, tàbí alẹ́ tí iná dé ṣùgbọ́n tí kò lágbára tó láti gbé fíríìjì.

Ní ti ìnáwó, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Láti rin 100 kìlómítà, irú jíìpù yìí yóò gba nǹkan bí yúníìtì 27 láti orí mítà, nítorí díẹ̀ a máa ṣòfò bí iná bá ń wọ bátìrì. Ní 209 náírà, ìyẹn kò pé 5,700 náírà. Jíìpù elépo tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ yóò mu lítà 13. Bí lítà bá jẹ́ 900 náírà, 11,700 náírà nìyẹn. Ìlàjì ni, pẹ̀lú owó gọbọi tí ìsọ̀rí A ń san.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi jẹnẹrétọ̀ bọ́ ọkọ̀ yìí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré elépo kì í mú ju yúníìtì kan ààbọ̀ sí 2 jáde nínú lítà kan. Láti rí yúníìtì 27 náà, ẹ ó sun epo lítà 14 sí 18. Ẹ rí i pé epo náà ti ju èyí tí jíìpù elépo ì bá mu lọ, ariwo àti èéfín sì di èlé orí rẹ̀.

Agbára oòrùn ni ó dára jù lójú wa fún ibi tí iná kò dúró. Pánẹ́ẹ̀lì sólà mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 500, lè mú nǹkan bí yúníìtì 18 wá ní ọjọ́ tí oòrùn ràn dáadáa. Ní àkókò òjò yóò dín kù. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọkọ̀ ní láti wà nílé lọ́sàn-án, nígbà tí ọ̀pọ̀ wa ti jáde lọ síbi iṣẹ́. Àwọn òjíṣẹ́ ìjọ ní àǹfààní kan níhìn-ín tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì kò ní, nítorí ọkọ̀ wọn a máa wà nínú ọgbà ilé òjíṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ púpọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú kéré. Irú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ń lò fún áyọ́ọ̀nù kò rí iṣẹ́ tó báyìí rí. Áyọ́ọ̀nù a máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ọkọ̀ yóò sì máa fa iná fún wákàtí mẹ́wàá láìsinmi. Wáyà tín-ín-rín, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó ti ń yọ́, tàbí okùn gígùn tí a fà gba ojú fèrèsé kọjá lè gbiná lóru nígbà tí gbogbo ilé ń sùn. Kí a fa wáyà tí ó nípọn láti ibi mítà wá, kí ó ní ìpaná tirẹ̀ àti wáyà tí ń gbé iná wọ ilẹ̀, kí oníṣẹ́ iná tí ó mọ iṣẹ́ sì ṣe é. Owó èyí wà lára iye tí a ra ọkọ̀.

Ọkọ̀ náà sì lè san oore padà. EV9 àti àwọn kan bí i rẹ̀ lè tú iná sílẹ̀ láti inú bátìrì fún àwọn ohun èlò ilé. Ilé tí ń lo yúníìtì 8 lóòjọ́ fún fíríìjì, fáànù àti gílóòbù lè jẹ yúníìtì 40 fún ọjọ́ márùn-ún, kí ìdajì bátìrì ó sì tún kù. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìsọjí alẹ́ kò tó nǹkan lójú rẹ̀.

Ní ti ìrìn àjò, láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìbàdàn àti àbọ̀ kò ju 220 kìlómítà lọ, kò sì yẹ kí ó ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Èkó ni kí a ṣọ́ra fún. Àlọ àti àbọ̀ lé ní 450, nítorí náà a ní láti mọ ọgbà tí a ó ti gba iná lọ́hùn-ún kí a tó gbéra. Ìdílé tí ń lọ sí Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò gbọdọ̀ fi èyí ṣe ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ó ní.

Ọkọ̀ náà wúwo, ó ju tọ́ọ̀nù méjì lọ dáadáa, nítorí náà táyà rẹ̀ a máa tètè jẹ, kòtò ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láàárín àwọn àjàgbé kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ bátìrì tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Kò ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a ń pàárọ̀, kò sì ní púlọ́ọ̀gì. Bí ó bá dákú lójú ọ̀nà, a kì í fi okùn fà á tí táyà rẹ̀ yóò máa yí nílẹ̀, nítorí ìyẹn lè ba mọ́tò iná rẹ̀ jẹ́; ọkọ̀ tí yóò gbé e sẹ́yìn pátápátá ni kí a pè. Kí rewáyà àdúgbò má sì fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn tí ó bá rí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, agbára iná inú rẹ̀ lè pa ènìyàn.

Kí a tó sanwó fún tòkunbọ̀, kí a yẹ ẹnu ihò ìgbaná rẹ̀ wò. Èyí tí ó ti Amẹ́ríkà wá kò bá ti Yúróòpù mu, ti Ṣáínà sì tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Àpótí ìgbaná tí a bá rà gbọ́dọ̀ bá ẹnu ọkọ̀ náà mu, tàbí kí a ra ẹnu ìsopọ̀ tí yóò so wọ́n pọ̀, kí a sì dán an wò níwájú ẹni tí ó tà á.