Ta Ló Ń Bu Omi sí Bátìrì?

Ní oṣù kẹta ọdún 1979, ẹ̀rọ ìlọkà kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní abúlé Tangaye, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Burkina Faso lónìí. Agbára oòrùn ló ń lọ ọkà, òun náà ló sì ń fa omi. NASA àti USAID ló gbé e kalẹ̀, láti mọ ohun tí yóò yí padà nígbèésí ayé àwọn obìnrin bí wàhálà ọlọ àti omi pípọn bá dínkù. Páànẹ́lì 1.8 kìlówáàtì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1981, wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Bí wọ́n bá ń sọ irú ìtàn yìí, páànẹ́lì ni wọ́n máa ń yà ní fọ́tò. Èmi, yàrá bátìrì ni mo máa ń fẹ́ wò, nítorí ibẹ̀ ni iná sólà ti sáábà máa ń kọ́kọ́ kú. Bátìrì olójé tí wọ́n ń rọ ásíìdì sí kì í ṣe ohun tuntun. Gaston Planté, ará Faransé, ló ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1859. Camille Faure mú un sàn sí i ní 1881. Láti ìgbà náà, ohun tó ń bèèrè lọ́wọ́ ènìyàn kò yí padà: omi, ojú, àti sùúrù.

Owó ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Bátìrì mẹ́rin la so pọ̀ nílé wa. Fún ọdún kan gbáko, ẹnikẹ́ni ò ṣí ìdérí wọn. Nígbà tí iná ò lè pé wákàtí kan mọ́ la pe bàbá tó ń ṣájì bátìrì ní ìkòríta. Ó ti háídírómítà bọ ihò kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan sún mọ́ 1.265 tó yẹ kí bátìrì tó kún ní. Àwọn kan ò dé 1.150. Nínú méjì, omi ti gbẹ kọjá àwo òjé. Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, òùngbẹ ló pa á."

Àlàyé rẹ̀ bá ìwé mu. Bátìrì tí kì í kún dáadáa, iyọ̀ funfun a máa le mọ́ àwo òjé rẹ̀, ásíìdì a sì sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Láti mú wọn dọ́gba, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kún, a ó gbé iná ṣájì sókè, bíi 15.5 fólítì fún bátìrì 12 fólítì, fún wákàtí díẹ̀. Ásíìdì á máa hó bí ẹni pé ó wà lórí iná, á sì pò pọ̀. A ó máa fi háídírómítà wò ó títí òǹkà kò fi ní gòkè mọ́. Fèrèsé gbọ́dọ̀ ṣí, iná kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ibẹ̀, nítorí háídírójìn tó ń jáde lè bú gbàmù. Lẹ́yìn náà la ó bu omi bátìrì sí i. Kì í ṣe ásíìdì, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Kìkì bí àwo bá ti hàn síta la fi ń kọ́kọ́ bu díẹ̀ bò ó kí a tó ṣájì.

Méjì nínú mẹ́rin ló jí padà.

Káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, a ń ṣí iná sólà ní ilé ìwòsàn, ọjọ́ ìṣíde nìkan la sì ń kọ sílẹ̀. Bí bátìrì bá kú, fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára á gbóná, agbẹ̀bí á tún fi tọ́ọ̀ṣì gbẹ̀bí. Ìtàn tí mo fẹ́ kà wà nínú ìwé pélébé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá bátìrì: ọjọ́ wo ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí ni háídírómítà wí, ta ló bu omi sí i. Níbi tí ìwé náà ò bá sí, ẹ jẹ́ ká bèèrè rẹ̀ kí a tó pàtẹ́wọ́.