"Shall", "May" àti "Must": Ìtàn Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta nínú Òfin àti Ipò Èdè Yorùbá nínú Ilé Aṣòfin

Ẹni tó bá ń túmọ̀ òfin láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá máa ń pàdé ọ̀rọ̀ aṣèrànwọ́ ìṣe mẹ́ta tó jọra: "shall", "may" àti "must". Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a tọpa ìtàn wọn láti fi hàn pé àṣìyàn kan ṣoṣo lè sọ àṣẹ di ìlérí lásán.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "shall" túmọ̀ sí pé ènìyàn jẹ gbèsè, tàbí pé nǹkan di dandan fún un. Nígbà tó yá, wọ́n tún ń fi í sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú. Ní 1653, John Wallis, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi èdè Látìn kọ ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì. Ó là á kalẹ̀ pé bí "èmi" tàbí "àwa" bá jẹ́ olùwà, "shall" kàn ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ "ìwọ" tàbí "òun", ó di ìlérí tàbí ìhalẹ̀. Àwọn amòfin di ìtumọ̀ dandan mú, ṣùgbọ́n iyèméjì kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tí South Africa ń kọ ìwé òfin wọn ti 1996 ní èdè tó máa yé aráàlú, "must" ni wọ́n lò.

Ní Nàìjíríà, "shall" ló ṣì gbilẹ̀ nínú Ìwé Òfin 1999. Abala 55 pàṣẹ pé kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ máa fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì lo Haúsá, Ígbò àti Yorùbá nígbà tí ètò tó yẹ bá ti wà. "Shall" kan náà ló de èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àmọ́ mẹ́ta ń dúró de ètò. Abala 97, tó jẹ́ ti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀: "shall" fún Gẹ̀ẹ́sì, "may" fún èdè mìíràn tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà.

Bí a bá fi "yóò" túmọ̀ "shall" inú abala 55, yóò dún bí àsọtẹ́lẹ̀. "Gbọ́dọ̀" ló gbé dandan inú rẹ̀ jáde. Bí a bá sì fi "lè" nìkan túmọ̀ "may" inú abala 97, òǹkàwé lè rò pé ọ̀rọ̀ agbára ni, bẹ́ẹ̀ òfin fún ilé náà láàyè ni.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti kíláàsì nìkan. Ẹni tó fẹ́ kí Yorùbá dún nínú ilé aṣòfin ní láti mọ̀ pé ní Àbújá, ètò ni kí òun béèrè. Ní ìpínlẹ̀, ìpinnu ilé ni. Nítorí náà, a dámọ̀ràn pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ béèrè kó tó túmọ̀: ta ni ọ̀rọ̀ yìí dè, ta ló sì fún láàyè?