Bàálù Òru ní Uli: Oúnjẹ Ìrànwọ́ Àwọn Ìjọ Nígbà Ogun Bìáfúrà, 1968–1970

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1968, ọwọ́ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tẹ Port Harcourt. Èbúté òkun kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún Bìáfúrà, ilẹ̀ tó ti ya kúrò lára Nàìjíríà, nìyẹn. Láti ìgbà náà ni iyọ̀ ti wọ́n bí ojú. Màlúù òkè Ọya kò wọlé mọ́, ẹja òkèèrè kò wọlé mọ́. Gbáàgúdá ló kù nínú ìkòkò ọ̀pọ̀ ilé. Kò pẹ́ tí ikùn àwọn ọmọdé fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí irun wọn ń pọ́n: kwashiorkor dé, àìsàn ẹni tí kò rí ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà jẹ.

Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ipa tí àwọn ìjọ Kristẹni kó wò, pẹ̀lú ìbéèrè kan: ṣé ẹni tó ń gbé oúnjẹ wọ ojú ogun lè yọ ọwọ́ nínú ogun náà?

Àwọn ìjọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Ìgbò, àárín gbùngbùn Bìáfúrà. Àwọn fadá ẹgbẹ́ Ẹ̀mí Mímọ́ láti Ireland ti ní ilé ìwé àti ilé ìwòsàn níbẹ̀ tipẹ́. Wọ́n gbọ́ èdè, wọ́n mọ ọ̀nà. Nígbà tí ebi dé, ilé ìwé di ibi tí wọ́n ti ń bọ́ ọmọ. Caritas ti ìjọ Àgùdà, Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjọ Àgbáyé àti Nordchurchaid ti àwọn ìjọ Dẹ́nmákì, Nọ́wè, Swídìn àti Finland para pọ̀ di Joint Church Aid. Àwọn aláwàdà mú lẹ́tà JCA tó wà lára bàálù àwọn ìjọ, wọ́n ní Jesus Christ Airlines ni.

São Tomé, erékùṣù tó wà lábẹ́ ìjọba Potogí, ni wọ́n ti ń gbéra lálaalẹ́. Uli nínú Bìáfúrà ni wọ́n ń bà sí, títì ọkọ̀ tí wọ́n fẹ̀ lójú di pápá bàálù. Iná kì í tàn níbẹ̀ àfi tí ọkọ̀ bá ti fẹ́ balẹ̀, nítorí bàálù ajubọ́ǹbù ń rìn kiri lókè. Pánla Nọ́wè, wàrà oníyẹ̀fun, iyọ̀, ẹ̀wà àti oògùn ni wọ́n ń já. Ìrìnàjò wọn lé ní 5,000, ẹrù náà sì tó nǹkan bíi 60,000 tọ́ọ̀nù.

Ẹ̀mí bá a lọ. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1969, ológun òfuurufú Nàìjíríà já bàálù Red Cross kan lulẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ mẹ́rin ti Canairelief, ẹgbẹ́ ìrànwọ́ láti Kánádà, kú nínú ìjàm̀bá nítòsí Uli.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá díjú ni pé pápá kan náà ni ìbọn ń gbà wọlé. Òkùnkùn tó bo wàrà ló bo ọta. Àwọn ìjọ sì ní láti ṣẹ́ owó òkèèrè sí owó Bìáfúrà kí wọ́n tó lè náwó níbẹ̀, owó òkèèrè yẹn sì wúlò fún ìjọba Ojukwu, olórí Bìáfúrà. Ìjọba àpapọ̀ ní kí bàálù máa fò lọ́sàn-án lẹ́yìn àyẹ̀wò, Ojukwu kọ̀. Carl Gustaf von Rosen, ọmọ Swídìn tó gbé oúnjẹ wọ Uli ní 1968, ló ṣáájú àwọn bàálù kéékèèké tó kọlu pápákọ̀ òfuurufú ìjọba àpapọ̀ ní oṣù Karùn-ún 1969. Nínú ìwé The Alms Bazaar, Ian Smillie gbà pé ìrànwọ́ náà fa ogun gùn. Àwọn tó gbè sẹ́yìn àwọn ìjọ ní ọmọ tí ebi ń pa kò lè dúró de àdéhùn.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ìjọ ṣiṣẹ́ ní òdìkejì náà. Christian Council of Nigeria pín oúnjẹ ní àwọn agbègbè tí ìjọba àpapọ̀ ti gbà padà.

Ogun parí ní oṣù Kìn-ín-ní 1970. Gowon, olórí ìjọba àpapọ̀, kọ ìrànwọ́ Caritas àti Joint Church Aid. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn fadá àti obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn tí wọ́n bá nínú Bìáfúrà ti wà níwájú adájọ́ ní Port Harcourt. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn ni pé wọ́n wọ Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ.