Sockeye, Ẹja Pupa Odò Fraser

Sockeye jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹja salmon tó wà ní apá àríwá Òkun Pàsífíìkì, láti Amẹ́ríkà àti Kánádà títí dé Rọ́ṣíà. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè rò pé ìbọ̀sẹ̀ àti ojú ló para pọ̀ di orúkọ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èdè Halkomelem ni wọ́n ti mú un, èdè tí àwọn Stó:lō àti àwọn onílẹ̀ mìíràn ń sọ ní ìsàlẹ̀ odò Fraser, ní British Columbia. Suk-kegh ni ọ̀pọ̀ ìwé ń kọ ọ́, wọ́n sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí ẹja pupa. Ahọ́n òyìnbó kò gbà á, ni wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ tiwọn tó jọ ọ́ dípò. Nerka tó wà nínú orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é, Oncorhynchus nerka, wá láti Rọ́ṣíà. Ará Jámánì kan, Johann Julius Walbaum, ló fi sínú ìwé ní 1792.

Ẹni tó bá rí i nínú òkun yóò ní irọ́ ni orúkọ ẹja pupa ń pa: ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí aró, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń dán. Inú ẹran rẹ̀ ni pupa wà, láti ara àwọn edé kéékèèké tó ń jẹ. Ìgbà tó bá ń padà sódò láti lọ yé ẹyin ni kò ní jẹun mọ́. Pupa inú ẹran á wá bọ́ sí awọ, orí á di àwọ̀ ewé, iké á yọ lẹ́yìn akọ, ẹnu rẹ̀ á sì tẹ̀ bí ìwọ̀. Abo á fi ìrù gbẹ́ ihò sáàárín òkúta wẹ́wẹ́, á yé ẹyin síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, takọtabo ló ń kú.

Ní Idaho, adágún kan wà tó ń jẹ́ orúkọ ẹja pupa: Redfish Lake, tó jìn sí òkun tó nǹkan bí 1,450 kìlómítà, tí ìsédò mẹ́jọ sì wà lójú ọ̀nà. Ní 1992, akọ kan ṣoṣo ló padà débẹ̀. Wọ́n pè é ní Lonesome Larry, wọ́n gba àtọ̀ rẹ̀, wọ́n mú kí ó dì bí yìnyín kí wọ́n lè fi í pamọ́, wọ́n sì lò ó láti bí àwọn ọmọ tuntun fún adágún náà.