Láàrin Ojúlówó àti Ayédèrú: Ìtàn Ẹ̀dà Ọkọ̀ ní Ilẹ̀ Wa

Àríyànjiyàn kan tí ó wáyé lójú mi ní Alímọ̀ṣọ́ ni ó sún mi dé ìdí àpilẹ̀kọ yìí. Mo yà sí ọgbà àwọn mẹkáníìkì kan ní ẹ̀yìn ọ̀nà tí ó ti Ẹgbẹ́dá lọ sí Ìdímù, mo sì bá jíìpù Lexus kan níbẹ̀ tí wọ́n ti tú iwájú rẹ̀ palẹ̀. Ọkọ̀ ọdún 2010 ni, ṣùgbọ́n bọ́ńpà, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti iná iwájú tí wọ́n tò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti ọdún 2020 ni. Bí wọ́n bá to ìwọ̀nyí mọ́ ọn lára tán, tí wọ́n sì kùn ún, arúgbó ọkọ̀ yóò di ọmọge. Ẹni tí ó bá ń gbé Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá tàbí Ìgàndó yóò ti mọ iṣẹ́ yìí. Àpgíréèdì ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ó fẹ́ràn mọ́tò púpọ̀. Ó mọ Ferrari, ó mọ Lamborghini, ó sì mọ ọdún tí wọ́n ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tí ó rí jíìpù náà, ó yínmú, ó ní, "Ẹ̀tàn gbáà ni èyí. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká ojúlówó, kí ó lọ wọ dáńfó." Bàbá pánẹ́ẹ̀lì-bítà tí ó ni ọgbà náà gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, dáńfó tí o ní kí ó lọ wọ̀ yẹn, ta ni ó jó irin àga inú rẹ̀? Ta ni ó gé fèrèsé sí i lára?" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dáhùn pé, "Ẹ má bínú, Bàbá, ṣùgbọ́n dáńfó kò pe ara rẹ̀ ní ohun tí kò jẹ́." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Mo kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí ó dà bí ẹni pé olúkúlùkù wọn di apá kan òtítọ́ mú.

Ìbéèrè náà nìyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ máa bọ̀wọ̀ fún ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní àwòrán òmíràn? Èdè wa ti ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. A ní ojúlówó, a ní ẹ̀dà, a sì ní ayédèrú. Ẹ̀dà ni ohun tí a wò lára òmíràn ṣe. Ayédèrú ni ohun tí ń purọ́ nípa irú ohun tí òun jẹ́. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, a ó dá ẹni tí kò ṣẹ̀ lẹ́bi. Àwọn àgbà sì ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé kí a kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ yìí lẹ́nu ìtàn.

Ẹ jẹ́ kí a ti òkè òkun bẹ̀rẹ̀, níbi tí iyàn yìí ti le jù lórí àwọn ọkọ̀ asáré olówó iyebíye. Láàrin 1962 sí 1967, Carroll Shelby, ará Amẹ́ríkà, gbé ẹ́ńjìnnì Ford sínú ọkọ̀ ilé iṣẹ́ AC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọ ọ́ ní Cobra. Gbogbo èyí tí wọ́n ṣe nígbà náà kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀dà rẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti ṣe láti ìgbà náà wá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ pé ẹni tí ń wà á ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó nínú gáréèjì ilé rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sọ pé Shelby ni ó ṣe é fún òun. Iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń yangàn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń yẹ́ ẹ sí.

Ọ̀ràn Ferrari kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú eré tẹlifíṣọ̀n Miami Vice, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1984, Ferrari Daytona dúdú kan wà tí àwọn òǹwòran fẹ́ràn gidigidi. Ojú rẹ̀ jẹ́ ti Ferrari, ṣùgbọ́n Chevrolet Corvette ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Inú bí ilé iṣẹ́ Ferrari, wọ́n sì pe àwọn tí ó ṣe é lẹ́jọ́. Ní 1986, wọ́n fún àwọn eléré náà ní Testarossa gidi, wọ́n sì fọ́ ẹ̀dà náà túútúú nínú eré. Ní 1991, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà dá Ferrari láre lórí ọ̀gbẹ́ni Roberts, tí ó ń fi fáíbà ṣe ẹ̀dà Daytona àti Testarossa tà. Ohun tí àwọn adájọ́ wí yẹ kí a fi sọ́kàn: wọ́n ní ẹni tí ó ra ọkọ̀ náà lè mọ̀ pé ẹ̀dà ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó rí i lójú títì kò mọ̀.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹ̀dà ṣe yẹ̀yẹ́, kí ó rántí ibi tí àwọn ọlọ́lá ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Kiichiro Toyoda fẹ́ ṣe mọ́tò ní Japan ní àwọn ọdún 1930, ẹ́ńjìnnì Chevrolet ni òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tú palẹ̀, tí wọ́n sì wò ṣe tiwọn. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé jáde fún títà ní 1936 jọ Airflow ti ilé iṣẹ́ Chrysler bí ọmọ ṣe ń jọ bàbá. Ọkọ̀ tí BMW ti ilẹ̀ Jámánì sì fi wọ iṣẹ́ mọ́tò ní 1928, Austin Seven ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, tí wọ́n gba àṣẹ láti máa ṣe. Lexus tí mo bá ní Ẹgbẹ́dá, ọmọ Toyota ni, 1989 ni wọ́n bí i. Ẹni tí ń dà á kọ lónìí ń dà ọmọ adàwòkọ kọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: nígbà tí Toyoda kẹ́kọ̀ọ́ tán, kò fi orúkọ Chevrolet sára iṣẹ́ rẹ̀, tirẹ̀ ni ó kọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé wàyí. Láyé bọ́lẹ̀kájà, kì í ṣe odindi ọkọ̀ ni òyìnbó ń kó ránṣẹ́ sí wa nígbà gbogbo. Iwájú ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì àti ṣáásì Bedford tàbí Austin ni ó ń bá ọkọ̀ òkun dé. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ni ó ń fi pákó kan ara rẹ̀, tí wọ́n ń to àga sí i, tí wọ́n ń bo òrùlé rẹ̀. Ó jọ ọkọ̀ akẹ́rù, ó jọ ọkọ̀ èrò, kò sì sí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí kò jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá. Orúkọ tí a fún un, láti ẹnu àwa tí a ń wọ̀ ọ́ ni ó ti wá, nítorí ìjà tí ń bẹ láàrin àwọn èrò àti àwọn ọmọ ọkọ̀: bọ́ sílẹ̀ kí a jà. Lókè iwájú rẹ̀, níbi tí gbogbo ayé yóò ti rí i, ni olówó rẹ̀ máa ń ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí: àdúrà, òwe, tàbí ìkìlọ̀ fún ọ̀tá. Kò sí ẹni tí ó rí i tí yóò rò pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kàn án.

Lẹ́yìn bọ́lẹ̀kájà ni mọ́lúè dé. Láti àwọn ọdún 1970 lọ ni àwọn ajórin Èkó ti ń mú ṣáásì ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911, tí wọ́n ń fi irin pẹlẹbẹ wọ ọ́ ní ara bọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń kùn ún ní ọ̀dà òféèfé pẹ̀lú ilà dúdú. Èmi kò ní yin mọ́lúè ju bí ó ti yẹ lọ. Etí irin rẹ̀ ya aṣọ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì ṣá àwọn mìíràn lọ́gbẹ́. Èrò inú rẹ̀ a máa dúró bí igi ìdáná tí a dì. Nígbà tí ìjọba Èkó gbé bọ́ọ̀sì BRT jáde ní 2008, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó dúpẹ́. Síbẹ̀, mọ́lúè ni ó gbé Èkó lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ ọwọ́ wa ni, a kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí ó bá ti Ìgàndó gba iwájú Fásitì Ìpínlẹ̀ Èkó kọjá dé Ìyànà-Ìbá, tí ó sì yà sójú ọ̀nà Badagry, kò jìnnà sí Ọ̀jọ́ mọ́, níbi tí ilé iṣẹ́ Volkswagen ti bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní 1975. Níbẹ̀ ni wọ́n ti to ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ kékeré tí a sọ ní ìjàpá. Ọkọ̀ ìjàpá kan náà ni Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, mú ní 2014, tí ó gbé páálí oòrùn sórí rẹ̀, tí ó sì fi ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ lè máa wà á. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1997, Ezekiel Izuogu ti gbé ọkọ̀ Z-600 jáde ní Owerri, Ọ̀gágun Ọládípọ̀ Díyà sì wà níbẹ̀ lórúkọ ìjọba. Ìrànwọ́ tí ó ń retí kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, àwọn olè sì wọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní 2006, wọ́n kó àwọn mọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ. Mo bi ara mi léèrè pé, nígbà tí wọ́n kó wọn lọ, mélòó nínú àwa olùfẹ́ ọkọ̀ ni ó tilẹ̀ gbọ́? Ẹni tí ó lè fi wákàtí kan ṣàlàyé Ferrari fún ọ lè má mọ orúkọ Izuogu rárá.

Ìran wa kò ka ìwòkọ́ṣe sí ẹ̀ṣẹ̀ rí. Bí Lámídì Fákẹ́yẹ ti lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà lọ́dọ̀ Bándélé, ọmọ Aréògún, ọwọ́ ọ̀gá ni ó kọ́kọ́ wò. Kò sí ọmọ iṣẹ́ tí yóò ṣe bí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gba òmìnira, orúkọ Fákẹ́yẹ ni ayé mọ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tí mo rò nìyí tí mo fi padà lọ sí ọgbà náà. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá." Ó ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé o kò bá ọ̀rẹ́ rẹ oníFerrari wá?" Ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ara mọ́lúè ni òun ti kọ́ṣẹ́. Mo bi í pé, "Bàbá, ǹjẹ́ ẹ máa ń kọ orúkọ yín sára iṣẹ́ yín?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Láyé mọ́lúè, ọ̀gá mi ń kọ tirẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ibẹ̀ ni oníbàárà ti ń mọ̀ ọ́n. Ti àpgíréèdì yìí, bí mo bá kọ orúkọ mi sí i, ta ni yóò sanwó rẹ̀ fún mi? Kí n má sí níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ń sanwó fún."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju bí mo ti lè sọ lọ, nítorí òun ni ìdáhùn tí mo ń wá. Ọwọ́ Bàbá yìí kò rẹlẹ̀ sí ti ọ̀gá rẹ̀. Ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí ó mọ iṣẹ́ jù ú lọ. Ohun tí ó yí padà ni pé àwa oníbàárà kò fẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ bí kò bá pa ara rẹ̀ mọ́. Bí ẹni tí ó ni jíìpù náà bá ń wà á kiri tí ó sì ń sọ pé, "Ti 2010 ni, Bàbá kan ní Ẹgbẹ́dá ni ó fún un ní ojú yìí," ẹ̀dà ni, ó sì yẹ kí a ṣí fìlà fún Bàbá náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá tà á fún ẹlòmíràn ní iye ti 2020, ayédèrú ni, olè sì ni. Búréèkì àti ẹ́ńjìnnì ọdún 2010 ni ó wà lábẹ́ ojú tuntun náà. Ẹni tí ó bá fi ìgboyà ọkọ̀ tuntun wà á lè fi ẹ̀mí dí i. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Nítorí náà, mo dá ọ̀dọ́mọkùnrin náà láre lórí ẹ̀tàn, mo sì dá Bàbá láre lórí iṣẹ́. Ọ̀wọ̀ tọ́ sí ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́, yálà ohun tí ó ṣe jọ ti òyìnbó tàbí kò jọ ọ́. Kò tọ́ sí orúkọ tí a jí lẹ̀ mọ́ iwájú ọkọ̀. Ilẹ̀ tí ó bá kọ ẹ̀dà pátápátá yóò máa ra ojúlówó lọ́wọ́ ẹlòmíràn títí ayé. Ilẹ̀ tí ó bá sì gba ayédèrú láyè yóò sọ àwọn ọlọ́gbọ́n ọwọ́ rẹ̀ di ẹni tí ń sápamọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí, àwọn tí ó kan bọ́lẹ̀kájà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ó jó irin mọ́lúè sì ti ń darúgbó. Ẹ lọ bá wọn nínú ọgbà wọn, kí ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ti ń ṣe é, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Bàbá. Ó ní kí n má tíì kọ tirẹ̀ sínú ìwé, kí oníbàárà má baà sá. Mo gbọ́ tirẹ̀, mo sì pa á mọ́, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ara mi de ọjọ́ tí yóò fẹ́ kí a kà á jáde.